Kán, Là, Fọ́: Ohun tí Láàbù Lè Sọ fún Wa Nípa Eyín tí Wọ́n Dí

Ìdánwò kan wà nínú ìwádìí ìṣègùn eyín tí kò ṣòro láti ṣàpèjúwe. Wọ́n á mú eyín tí wọ́n ti yọ lẹ́nu èèyàn, wọ́n á gbẹ́ ihò sí i, wọ́n á dí ihò náà, wọ́n á gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì máa tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi fọ́. Iye agbára tó fọ́ ọ ni wọ́n á kọ sílẹ̀. Bí eyín tí wọ́n fi ohun kan dí bá gba agbára ju èyí tí wọ́n fi ohun mìíràn dí lọ kó tó fọ́, wọ́n á ní ohun àkọ́kọ́ ló lágbára jù.

Èrò tèmi ni pé nọ́ńbà yẹn kò ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ. Ìdajì kejì ni bí eyín náà ṣe fọ́, ìyẹn sì ni ìdajì tó kan ẹni tó ń gbé ní Ìgàngán tàbí Ayétẹ̀ jù. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí nìyẹn, mo sì fẹ́ fi hàn pé èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un kí láàbù tó dé.

Kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ eyín?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìṣègùn eyín ló fà mí wọ ọ̀rọ̀ yìí. Eyín tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò kì í já bọ́ láti ọ̀run. Ẹnu èèyàn ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ẹni tó ni ín sì gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀ kí olùwádìí tó lò ó. Ìwé ìyọ̀ǹda tó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ń wá ẹni tí yóò bá a kọ ti Yorùbá, ó sì mọ̀ pé ọmọ Igbó-Ọrà ni mí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fún wa níṣẹ́ jù, èyí tó ní ìwádìí náà fẹ́ mọ bí eyín tí wọ́n dí ṣe lágbára tó láti má fọ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló gbé e ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí n tó lè sọ ọ́ ní Yorùbá, mo ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ní láàbù gan-an.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ ní Ìbàràpá. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera ìgbèríko tó fi Igbó-Ọrà ṣe ibùjókòó, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sì ń wá gbé láàárín wa láti kọ́ṣẹ́. Wọ́n ti wá ṣèwádìí lórí sòbìà ní Ìdèrè. Wọ́n ti wá ka ìbejì ní Igbó-Ọrà. Patrick Nylander, onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó mú iṣẹ́ náà lọ́kùn-únkúndùn. Àwọn èèyàn wa ti dáhùn ìbéèrè olùwádìí fún ohun tó lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó tọ́ kí ẹni tí wọ́n bá ní kó yọ̀ǹda eyín rẹ̀ lè gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ní èdè tó yé e.

Ihò àti etí agbọ̀n

Ìpele méjì pàtàkì ló wà lára eyín. Èyí tó wà lóde, tó ń dán, ni wọ́n ń pè ní ẹ̀námẹ́ẹ̀lì. Òun ló le jù lọ nínú gbogbo ohun tó wà lára èèyàn, nítorí pé nǹkan bí ìdá 96 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ èròjà tó dà bí òkúta. Dẹ́ńtììnì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kò le tó ẹ̀námẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n omi àti fọ́nrán wà nínú rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kó lè tẹ̀ díẹ̀ láìṣẹ́. Láàárín gbùngbùn ni ẹ̀jẹ̀ àti iṣan wà, ibẹ̀ sì ni ìrora ti ń kígbe.

Bí ihò bá dé, àwọn àgbà wa á ní kòkòrò ló jẹ eyín. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òtítọ́ inú rẹ̀ kò kéré: àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà lẹ́nu ló ń sọ ṣúgà di ásíìdì, ásíìdì náà ló sì ń jẹ eyín. Dókítà á gbẹ́ ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, á sì dí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò rò ni pé ibi tí ihò náà wà ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi tó lọ.

Ẹ wo agbọ̀n. Bí ẹ bá lu ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, agbọ̀n á ṣì dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé etí rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya síta. Bẹ́ẹ̀ náà ni eyín ẹ̀yìn. Ó ní ògiri kékeré níwájú àti lẹ́yìn, níbi tó ti fara kan eyín tó tẹ̀ lé e. Àwọn ògiri yìí ló so ó pọ̀. Ní 1989, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Reeh, Messer àti Douglas, gbé ìwádìí kan jáde tí àwọn onímọ̀ eyín ṣì ń tọ́ka sí dòní. Wọ́n wọn bí eyín ṣe ń tẹ̀ bí wọ́n bá gbé ẹrù lé e, kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ àti lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n ṣí òkè eyín lásán láti dé ibi tí iṣan wà, nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ló dín nínú bó ṣe gan tó. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ihò sí ojú ibi tí a fi ń jẹun, ó dín ní ìdá 20. Ṣùgbọ́n nígbà tí ihò náà la ògiri méjèèjì kọjá, ó dín ní ìdá 63. Etí agbọ̀n ti lọ.

Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí kì í fi í dán ohun ìdíhò nìkan wò. Inú eyín gidi tí wọ́n ti gé etí rẹ̀ ni wọ́n ti ń dán an wò, láti mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n fi dí i lè so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ padà.

Láti ẹnu dé abẹ́ ẹ̀rọ

Eyín tó wúlò jù fún iṣẹ́ yìí ni èyí tí wọ́n yọ láìjẹ́ pé ó bàjẹ́. Àwọn kan jẹ́ eyín tó máa ń hù kẹ́yìn pátápátá, tí kò rí àyè dúró sí. Àwọn mìíràn jẹ́ eyín kéékèèké tó wà ṣáájú èrìgì, tí wọ́n yọ fún ọ̀dọ́ tí eyín rẹ̀ fún pọ̀, kí ìyókù lè tò dáadáa. Ìkejì yìí ló máa ń dùn mọ́ olùwádìí jù, nítorí pé ó lè rí ti ọ̀tún àti ti òsì gbà lẹ́nu ẹnì kan náà. Ọmọ Igbó-Ọrà ni mí, ẹ jẹ́ kí n pè é ní ìbejì: wọ́n á fi ohun kan dí Táíwò, wọ́n á fi ohun mìíràn dí Kẹ́hìndé. Bí ọ̀kan bá wá gba agbára ju èkejì lọ, kò ní rọrùn láti sọ pé eyín ẹni yìí ló kúkú le ju ti ẹni yẹn lọ.

Eyín tí wọ́n yọ kò gbọ́dọ̀ gbẹ, torí pé eyín gbígbẹ tètè máa ń fọ́. Inú omi tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò díẹ̀ sí ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Wọ́n á fi gíláàsì amúǹkan-tóbi yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì yọ èyí tó bá ti sán tẹ́lẹ̀ kúrò. Wọ́n á ri gbòǹgbò rẹ̀ sínú ike líle kan bí ẹni ri òpó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí gbòǹgbò náà ká. Rọ́bà yìí ló dúró fún ẹran tó wà láàárín eyín àti egungun àgbọ̀n wa, tó ń jẹ́ kí eyín lè mì díẹ̀ nígbà tí a bá ń jẹun.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dí i, ọ̀pọ̀ olùwádìí á kọ́kọ́ sọ ọ́ di àgbà. Wọ́n á máa rì í bọ inú omi tútù tó wà ní 5°C, wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á rì í bọ inú omi gbígbóná tó wà ní 55°C, wọ́n á sì tún un ṣe ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ẹni tó bá ti mu ẹ̀kọ gbígbóná tó sì fi omi inú fíríìjì lé e mọ̀ ohun tí wọ́n ń sín jẹ. Ohun ìdíhò àti eyín kì í fẹ̀, wọn kì í sì í sún kì, bákan náà, torí náà ibi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Ìgbà yìí ni wọ́n á tó gbé e lọ sábẹ́ ẹ̀rọ. Irú ẹ̀rọ yìí náà ni àwọn oníṣẹ́-ẹ̀rọ fi ń dán irin àti kọnkéré wò. Irin kan tí orí rẹ̀ rí roboto á sọ̀ kalẹ̀ sórí eyín náà díẹ̀díẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ ìdajì mìlímítà tàbí mìlímítà kan ní ìṣẹ́jú kan. Kọ̀ǹpútà á máa ya ilà agbára tó ń gòkè. Lójijì, ilà náà á já wálẹ̀. Eyín ti fọ́.

Nọ́ńbà náà

Newton ni wọ́n fi ń ka agbára yìí. Kó lè yé wa, ẹ ro àpò sìmẹ́ǹtì kan tó wọn 50 kílò: ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 Newton. Bí wọ́n bá ní eyín kan fọ́ ní 1,000 Newton, ó dà bí ìgbà tí ẹ to àpò sìmẹ́ǹtì méjì lé eyín kan ṣoṣo lórí. Eyín tí ohunkóhun kò ṣe sábà máa ń gbà tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìdánwò.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹnu wa. Àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ pé, bó bá fi gbogbo agbára àgbọ̀n rẹ̀ gé nǹkan pẹ̀lú èrìgì, ó lè tẹ̀ ẹ́ tó 500 sí 700 Newton. A kì í jẹun bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Agbára tí a fi ń jẹun lásán kéré sí i gan-an. Àmàlà láfún pẹ̀lú ọbẹ̀ ìlasa, oúnjẹ tí wọ́n fi mọ Igbó-Ọrà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ eyín. Ọ̀rọ̀ wíwọn oúnjẹ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1895, G. V. Black, dókítà eyín ará Amẹ́ríkà, ti ṣe ohun èlò tó fi wọn agbára tí èèyàn fi ń gé nǹkan jẹ, ó sì ṣe òmíràn tó fi wọn agbára tó ń fọ́ oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ó yé e pé a kò lè mọ bó ṣe yẹ kí eyín lágbára tó láìmọ ohun tí àwọn tó ni ín ń jẹ.

Bí eyín bá wá lè gba àpò sìmẹ́ǹtì méjì, tí oúnjẹ wa kò sì béèrè tó bẹ́ẹ̀, kí ló ń fọ́ eyín tí wọ́n dí? Ìdáhùn méjì ló wà. Èkíní ni ohun àìròtẹ́lẹ̀: òkúta inú ẹ̀wà, egungun inú ẹran, àgbàdo sísun tó ti le. Agbọ̀n ti múra sílẹ̀ de ohun tó rọ̀, ó wá ko ohun líle lórí igun kan ṣoṣo. Èkejì ni àtúntẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Agbára tí kò lè fọ́ eyín lẹ́ẹ̀kan lè dá ojú sísán tínńtín sílẹ̀, kí ó sì máa fà á gùn sí i ní ìgbàkígbà tí a bá ń jẹun, títí ọjọ́ kan tí ẹ̀pà lásán á fi parí iṣẹ́ náà.

Nítorí èyí ni àwọn láàbù kan fi ń lo ẹ̀rọ ajẹun, tó máa ń tẹ eyín pẹ̀lú agbára kékeré léraléra nínú omi. Àwọn olùwádìí sábà máa ń ka 1,200,000 ìtẹ̀ sí jíjẹun ọdún márùn-ún. Ohun ìdíhò méjì tó bá ara dọ́gba nígbà tí wọ́n tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan lè má dọ́gba mọ́ lẹ́yìn mílíọ̀nù kan ìtẹ̀. Torí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ohun báyìí lágbára jù, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n tẹ̀ ẹ́?

Ó le, ó yi, ó gan

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti padà sí ẹ̀ka tiwa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé ní Igbó-Ọrà àti ní Èrúwà pé kí ni “agbára eyín” túmọ̀ sí, ohun tí wọ́n sọ ni pé ó jẹ́ bí èèyàn ṣe lè gé egungun jẹ tó. Agbára tí eyín ń lò ni wọ́n gbọ́. Ìwádìí ń sọ̀rọ̀ nípa agbára tí wọ́n ń lò lé eyín lórí. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò jù.

Bẹ́ẹ̀, Yorùbá kò tálákà níbí. Àwọn onímọ̀ nípa ohun èlò ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀ tí ẹlòmíràn máa ń pa pọ̀ sábẹ́ agbára, a sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó le ni ohun tí nǹkan mìíràn kò lè tètè ha lára. Ohun tó yi ni ohun tí kì í tètè já tàbí fọ́, bí ojú sísán tilẹ̀ wà lára rẹ̀. Ohun tó gan ni ohun tí kì í tẹ̀. Gíláàsì le, ṣùgbọ́n kò yi. Pọ̀nmọ́ kò le, ṣùgbọ́n ó yi, ẹni tó bá ti bá a jà lábọ́ọ́dé iyán mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi èyí wo eyín, ẹ ó rí i pé ẹ̀námẹ́ẹ̀lì ló le, dẹ́ńtììnì ló yi, èkíní sì ń gbára lé èkejì. Ohun ìdíhò tó le jù kì í ṣe èyí tó yi jù dandan. Èyí tó gan jù sì lè di ọ̀tá eyín, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́ fi hàn.

Báwo ló ṣe fọ́?

Lẹ́yìn tí eyín bá fọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ, olùwádìí tó mọṣẹ́ kò ní sọ ọ́ nù. Á gbé e, á wò ó, á sì kọ bó ṣe fọ́ sílẹ̀. Ìsọ̀rí tí wọ́n ń pín in sí yàtọ̀ díẹ̀ láti ìwádìí kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ìlà pàtàkì kan wà tí wọ́n máa ń fà: ṣé eyín yìí ṣì ṣeé tún ṣe, àbí yíyọ nìkan ló kù? Ohun tó sábà máa ń pinnu èyí ni bóyá ojú ibi tó fọ́ dúró sí òkè tàbí ó wọ inú gbòǹgbò lọ.

Màmá àgbà mi ní eyín kan tí wọ́n dí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀pà ló ń jẹ lọ́jọ́ tí eyín náà dá a lóró, wọ́n sì yọ ọ́ níkẹyìn. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé ìyọ̀ǹda yìí, mo bi wọ́n pé, “Màmá, ṣé eyín yẹn kán ni?”

“Kò kán o, Àjíkẹ́. Ó là ni. Èyí tó bá kán, èèyàn á ṣì máa fi jẹun.”

Màmá àgbà mi kò wọ láàbù rí, ṣùgbọ́n ìsọ̀rí tí àwọn olùwádìí ń fi tábìlì ṣe ni wọ́n fi ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ṣe yẹn. Eyín tó kán, apá kan ló lọ, ìyókù dúró. Eyín tó là, ojú rẹ̀ ti wọlẹ̀ dé gbòǹgbò, bí igi tí wọ́n fi àáké là tàbí obì tí wọ́n pa. Ohun tí wọ́n fi dí i lè fọ́, bí àwo ṣe ń fọ́, kí eyín fúnra rẹ̀ má mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ó lè yọ lódindi. Eyín sì lè sán, bí ògiri ṣe ń sán, kó dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. A sì mọ̀ pé bí ògiri kò bá lanu, alángbá kì í ráàyè wọ ibẹ̀. Kòkòrò ló ń ṣe iṣẹ́ alángbá nínú ọ̀ràn yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìmọ̀ ìtumọ̀ nínú ẹ̀ka wa á rántí pé àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti fi ọ̀rọ̀-ìṣe gígé àti fífọ́ wé ara wọn káàkiri ayé. Ní 2007, Asifa Majid, Melissa Bowerman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí èdè 28. Fídíò kan náà ni wọ́n fi han àwọn tó ń sọ àwọn èdè náà, kí wọ́n lè mọ ibi tí èdè kọ̀ọ̀kan ti ń fa ìlà. Èdè Ewe tí wọ́n ń sọ ní Gánà àti Tógò, tó bá tiwa tan, wà lára wọn. Ìlà tí Yorùbá fà láàárín kán, là, fọ́, ṣẹ́ àti sán kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ọ̀ràn ìṣègùn ni nígbà tí ó bá kan eyín.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ tó jẹ́ kó dá mi lójú. Bí dókítà bá ti yọ iṣan inú eyín, tí òkè eyín sì ti lọ tán, ó lè ri òpó kékeré kan sínú gbòǹgbò kó lè rí ohun tí yóò kọ́lé lé lórí. Àwọn kan máa ń fi irin ṣe òpó yìí, àwọn kan máa ń fi fọ́nrán gíláàsì tí wọ́n pò mọ́ ike ṣe é. Irin gan ju dẹ́ńtììnì lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Fọ́nrán gíláàsì sún mọ́ ọn. Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò, eyín tó ní òpó irin lè gba agbára tó pọ̀ dáadáa kó tó fọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó bá máa fọ́, òpó tí kò lè tẹ̀ náà á di àáké nínú gbòǹgbò, eyín á sì là. Ti fọ́nrán gíláàsì sábà máa ń kán lókè tàbí kí òpó náà yọ, tí dókítà á sì lè tún un ṣe. Bí a bá ka nọ́ńbà nìkan, irin lè gbégbá orókè. Bí a bá bi Màmá àgbà mi, wọ́n á ní èyí tó ń kán ni kí ẹ fún àwọn.

Àgbẹ̀ mọ ọgbọ́n yìí. Bí àdá bá ba kùkùté, ó sàn kí èèkù rẹ̀ ṣẹ́. Àgbẹ̀ lè gbẹ́ èèkù mìíràn lábẹ́ igi lóko. Bí irin rẹ̀ bá ṣẹ́, iṣẹ́ ọjọ́ náà parí nìyẹn.

Ìlú tí dókítà eyín jìnnà sí

Ọ̀rọ̀ ibi tí èèyàn ń gbé ló mú kí ìdajì kejì yìí wúwo. Ẹni tó ń gbé nítòsí ilé ìwòsàn eyín ńlá lè fara da eyín tó là: wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ṣe òmíràn fún un bí owó bá wà. Nínú ìlú méje Ìbàràpá, láti Lánlátẹ̀ dé Tápà, ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò fi owó ọkọ̀ àti ọjọ́ ọjà kan tàbí ọjọ́ oko kan san án kí wọ́n tó fojú kan dókítà eyín. Eyín tó kán lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Eyín tó là kì í dúró.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Áfíríkà tó kọ́ àwọn onímọ̀ eyín lẹ́kọ̀ọ́ lórí èyí. Láàárín àwọn ọdún 1980, ní Tanzania, Jo Frencken àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun èlò ọwọ́ nìkan gbẹ́ ibi tó ti bàjẹ́ lára eyín, láìlo iná mànàmáná, wọ́n sì ń dí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé ọ̀nà yìí lárugẹ lọ́jọ́ ìlera àgbáyé ní 1994. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi dí i ni glass ionomer, tí Wilson àti Kent kọ́kọ́ kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Lábẹ́ ẹ̀rọ, glass ionomer kò lè bá amalgam tàbí composite dọ́gba rárá. Ó tètè ń fọ́. Ṣùgbọ́n ó ń lẹ̀ mọ́ eyín fúnra rẹ̀, ó ń tú fúlóráìdì jáde, nígbà tí àwọn olùwádìí sì tẹ̀ lé àwọn aláìsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí i pé bí ihò bá wà lójú eyín kan ṣoṣo, ó ń pẹ́ dáadáa. Bí ihò bá ti la ògiri ẹ̀gbẹ́ kọjá, kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Etí agbọ̀n náà tún nìyẹn. Láàbù kò parọ́ nípa glass ionomer. Ìbéèrè tí wọ́n bi í ni kò pé.

Ìbàràpá kì í ṣe àjèjì sí irú ọgbọ́n yìí. Dókítà Olúyọ́mbọ̀ Awójọbí, oníṣẹ́-abẹ tó dá ilé ìwòsàn rẹ̀ sílẹ̀ ní Èrúwà ní 1986, tó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí tó fi dágbére fáyé ní 2015, fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ẹ̀rọ tó wá láti òkè òkun lè yá ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tirẹ̀, bó bá bàjẹ́, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Èrúwà lè tún un ṣe. Bí a ṣe ń wọn ohun tó dára fún ìgbèríko nìyẹn: kì í ṣe bó ṣe lágbára tó lọ́jọ́ tó wà ní tuntun nìkan, bí kò ṣe ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, àti ta ni yóò tún un ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má fọkàn tán láàbù. Ẹ̀rọ yẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé ògiri ẹ̀gbẹ́ eyín ṣe pàtàkì, òun ló sì tú àṣírí òpó irin. Kò sí ẹni tí yóò dán ohun tuntun wò lẹ́nu èèyàn kó tó dán an wò níbì kan. Ṣùgbọ́n kò sí itọ́ nínú ẹ̀rọ, kò sí ṣúgà, kò sí kòkòrò. Àwọn tí wọ́n dí eyín wọn ń pàdánù rẹ̀ nítorí pé kòkòrò wọ abẹ́ ohun ìdíhò, kì í ṣe nítorí fífọ́ nìkan. Nọ́ńbà láàbù dà bí ohùn tí a gbà sílẹ̀ nínú yàrá ìfetísọ́rọ̀ ẹ̀ka wa: ó mọ́, ó ṣeé wọ̀n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jà Tówóbọ̀wò.

Nítorí náà, bí ẹ bá ka ìwádìí lórí eyín tí wọ́n dí, tàbí tí dókítà bá ń ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi dí tiyín, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n tẹ̀ ẹ́? Báwo ló ṣe fọ́? Bó bá fọ́ níbi tí mò ń gbé, ta ni yóò tún un ṣe? Ìbéèrè kejì ni ẹ má ṣe gbàgbé, èdè tí a gbọ́ láti kékeré ló sì rọrùn jù láti fi bi í.

Gbólóhùn tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹnu kò sí fún ìwé ìyọ̀ǹda náà nìyí: “Lẹ́yìn tí a bá ti yọ eyín yín, a ó dí i, a ó sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kán tàbí títí yóò fi là, kí a lè mọ ohun ìdíhò tí kì í jẹ́ kí eyín là.” Mo kà á fún Màmá àgbà mi. Wọ́n ní ó yé àwọn.